Nígbà Tí Ẹja Odò Kàdúnà Ṣì Ń Dàgbà

Ẹ má tíì gbé àwo yẹn kúrò níwájú mi. Ẹ jẹ́ kí n wo ẹja náà dáadáa ná. Mo gbọ́ ohun tí ẹ ń fi Hausa sọ wúyẹ́wúyẹ́ síra yín, pé Kaka ti tún dé sí ọ̀rọ̀ ẹja rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ìyá yín àgbà ti dé síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi Hausa dá mi lóhùn kó fi dá mi lóhùn, ẹni tó bá fẹ́ lọ wo tẹlifíṣọ̀n kó máa lọ. Ó ti rẹ̀ mí, n kò ní okun tí n ó fi pe ẹnikẹ́ni padà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó, kó mọ̀ pé ohun tó wà nínú àwo yìí, ẹja lorúkọ rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe irú ẹja tí èmi mọ̀. Inú kòtò sìmẹ́ǹtì ni wọ́n ti sìn ín. Gbogbo wọn gùn bákan náà, wọ́n sanra bákan náà, bíi búlọ́ọ̀kù tó ti inú ẹ̀rọ kan ṣoṣo jáde.

Doka, ní ìlú Kàdúnà níbí, ni wọ́n bí mi sí. Télọ̀ ni bàbá mi, Ọ̀yọ́ ló ti wá, kò sì padà síbẹ̀ àfi nígbà òkú. Nígbà tí mo fẹ́ bàbá yín àgbà, a kó lọ sí Badarawa, sí ilé kan tó ní ẹ̀yìnkùlé gbalasa, níbẹ̀ ni mo gbé ààrò mi kalẹ̀: àgbá tí a là sí méjì, a tẹ́ wáyà sórí rẹ̀, a kó igi sí i nísàlẹ̀. Ẹja ni mo ń yan. Ọjà Kawo ni mo ti ń tà á, fún àwọn tó bá ń wọkọ̀ lọ sí Sàríà àti Kánò. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ilé wa, èéfín ni yóò tẹ̀ lé.

Èéfín yẹn fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ rí. Ọjọ́ Jímọ̀ kan, afẹ́fẹ́ yí padà, ó gbé gbogbo èéfín mi lọ sórí bàbáńrìgà funfun tí aládùúgbò wa sá sórí okùn. Ọkùnrin náà kò mọ̀, ó wọ̀ ọ́ lọ sí mọ́ṣáláṣí. Àwọn ológbò àdúgbò tò tẹ̀ lé e láti ẹnu géètì rẹ̀ títí dé ibi tí wọ́n ń bọ́ bàtà sí. Nígbà tó padà dé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà wa, ó ní, "Kai, Maman Rafi, kin kashe ni!" Ìyá Ràfíà, o pa mí, ló ń wí. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ìgbà tí mo gbé àrọ̀ ńlá kan tí mo yan fún un ni ojú rẹ̀ tó rọ̀. Àrọ̀ náà tó fún òun àti ìyàwó rẹ̀ àti gbogbo ọmọ wọn, wọ́n sì fi ṣẹ́kù. Ẹja kan ṣoṣo ni mo ń wí o.

Ní kùtùkùtù, lẹ́yìn ìrun súbúhì, a ó wọkọ̀ ní Kawo lọ sí ẹ̀bá afárá. Bí a bá ti sọ̀ kalẹ̀, kí a tó rí odò la ó ti máa gbọ́ ọ. Ẹ ó gbọ́ àjẹ̀ tó ń gbá ara ọkọ̀, ẹ ó gbọ́ àwọn apẹja tó ń kí ara wọn láti etí odò kan sí èkejì, ẹ ó gbọ́ fèrè ilé iṣẹ́ aṣọ tó ń pe àwọn òṣìṣẹ́ àárọ̀. Ẹ ó sì gbọ́ ẹja. Ẹja ńlá tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jù sínú báàfù a máa fi ìrù lu irin, gbàùn, gbàùn, títí àyà èèyàn yóò fi máa já. Ìgbà tó yá, ohun tí à ń gbọ́ kò ju ṣẹ́rẹ́rẹ́ lọ, bí òjò wínniwínni lórí páànù. Etí mi ló kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ti yí padà, kí ojú mi tó mọ̀.

Ọwọ́ Malam Habu ni mo ti ń rajà. Apẹja ni, láti ìhà Kebbi, ó gbó jù wá lọ, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Òwú búlúù ló máa ń fi hun àwọ̀n rẹ̀ fúnra rẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn tó ń lo búlúù létí odò. Ojú àwọ̀n rẹ̀ gbòòrò, ọwọ́ mi lè wọ̀ ọ́ kó sì jáde. Gbogbo wọn ló ń lò ó bẹ́ẹ̀ nígbà náà, kí ọmọ ẹja lè ráyè kọjá. Wọ́n ní olórí kan tí wọ́n ń pè ní Sarkin Ruwa, ọba omi. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, bàbá yẹn a fi igi pààlà sẹ́nu ibú kan tó wà lábẹ́ àpáta, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ ju àwọ̀n síbẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni àwọn ẹja ńlá ń sá lọ láti yé ẹyin. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Ibú yẹn ni orí odò.

Ó di ìparí ọ̀gbẹlẹ̀, nígbà tí omi bá ti fà, kó tó ṣí i fún ọjọ́ kan péré. Ẹ wá wo ọjọ́ náà! Àwọn ọkùnrin á gun kèrègbè ńlá, wọ́n á bẹ́ sínú omi tariwo tariwo. Àwọn ìyàwó wọn á máa fi ọwọ́ lu igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé inú omi, ó ń dún bí ààrá tó jìnnà. Àwa oníṣòwò á tò sórí àpáta, a ó máa nawọ́ sí ẹja tí a kò tíì rà. Ẹja giwan ruwa ni gbogbo ojú máa ń wá. Erin inú omi ni àwọn Hausa ń pè é, kì í sì í ṣe àsọdùn. Ọkùnrin méjì ló ń gbé òmíràn. Bí oòrùn bá ti wọ̀, Sarkin Ruwa a tún ti ibú pa, tẹni tó rí àti tẹni tí kò rí á lọ sílé.

Bàbá yẹn kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì fẹ́ràn omi, iṣẹ́ ọ́fíìsì ni wọ́n ń wá. Ìgbà yẹn gan-an ni nǹkan ṣe le. Àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í dá òṣìṣẹ́ dúró, lónìí ẹ̀ka yìí, lọ́la ẹ̀ka yẹn. Fèrè tí mo wí lẹ́ẹ̀kan, ìgbà mìíràn kò ní í dún. Bàbá yín àgbà wà lára àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ó jókòó sílé títí ojú fi ń ti òun àti èmi. Nígbà tó yá, mo mú un lọ bá Malam Habu. Mo ní, "Malam, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọkọ mi kọ́ iṣẹ́." Malam wo ọwọ́ rẹ̀ tó rọ̀ bí ọwọ́ akọ̀wé, ó ní, "To, Lasisi, wọlé sínú ọkọ̀."

Ọ̀pọ̀ ni wọ́n bá ara wọn létí odò lọ́dún wọ̀nyẹn. N kò bú wọn. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹnikẹ́ni kò béèrè pé ta ló ti ibú, wọ́n fa igi ààlà yọ, wọ́n fi dáná. Wọ́n pẹja níbẹ̀ lójò lẹ́ẹ̀rùn. Bí ẹja ńlá bá ti tán lójú àwọ̀n, wọ́n á dín ojú àwọ̀n kù. Bí àwọn tó tẹ̀ lé e bá tún tán, wọ́n á tún dín in kù, títí àwọn kan fi ń fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn gbá odò láti etí kan dé èkejì.

Lórí ààrò mi, mo rí i. Àrọ̀ tí mo máa ń gé sí ọ̀nà mélòó kan tẹ́lẹ̀ ti di èyí tí mo lè ká, kí n fi igi há ìrù rẹ̀ mọ́ ẹnu. Nígbà tó ṣe, kò tilẹ̀ gùn tó èyí tí a ń ká. Àfi kí n to wọ́n gbọọrọ bí ìka. Mo ní, ó dáa, ọmọ ni wọ́n, wọ́n á dàgbà bí a bá fi wọ́n sílẹ̀. Ọjọ́ kan ni mo ń la ẹ̀pìyà wẹ́wẹ́ kan, kò gùn ju ìka àárín mi yìí lọ, mo bá ẹyin nínú rẹ̀. Mo la òmíràn, ẹyin. Mo la òmíràn. Mo kó wọn sínú ọ̀rá, mo gbé wọn lọ bá Malam Habu láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Mo ní, "Malam, ẹ wo nǹkan. Àwọn ọmọdé ló ń lóyún."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ́ ọ̀kan sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Maman Rafi, kì í ṣe ọmọdé. Àgbà ni. Ibi tó máa tóbi dé nìyẹn."

"Báwo? Ẹ̀pìyà tó máa ń kún àwo?"

"Ṣé o rí àwọ̀n tí mò ń hun yìí? Bàbá mi ló kọ́ mi pé kí n fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ gbòòrò kí ọmọ ẹja lè kọjá. Àánú la rò pé à ń ṣe. Ọmọ ń kọjá lóòótọ́. Àmọ́ àràrá náà ń kọjá. Èyí tó bá yára sanra, àwọ̀n á mú un kó tó bímọ kankan. Èyí tó rù, tó kúrú, tó sì tètè yé ẹyin kó tó tóbi, òun ló ń ráyè bímọ sílẹ̀. Báwo ni ọmọ rẹ̀ yóò ṣe rí?"

Mo ní, "Bí ìyá rẹ̀."

"Ó tán. Nígbà tí Sarkin Ruwa wà, àwọn ńlá ní ibú tí wọ́n ń sá sí, wọ́n ń bí àwọn ńlá jáde. Ìyẹn ló ń dí ohun tí àwọ̀n wa ń bà jẹ́. Ní báyìí, kò sí ibi tí wọ́n á sá sí." Ó jù wọ́n padà sínú ọ̀rá mi. "Fulani kì í ta akọ màlúù rẹ̀ tó dára jù. Àwa apẹja, òun la kọ́kọ́ ń tà."

Ọ̀rọ̀ yẹn ń gbé mi lọ gbé mi bọ̀ nínú bọ́ọ̀sì títí mo fi dé Kawo. Mo rántí pé nígbà tí wọ́n mú mi lọ sí Ọ̀yọ́ ní kékeré, àgbàdo tó yọmọ jù lọ ni ìyá bàbá mi ń so sókè ibi ìdáná fún irúgbìn. Bí ebi ti wù kó pa wá tó, kò sẹ́ni tó jẹ́ nawọ́ sí i. Nínú odò Kàdúnà, àwa ti jẹ èyí tó yọmọ, a fi hóró tó rọ sílẹ̀ fún omi. Odò kò gbẹ, ẹja kò tán. Wọ́n kàn jọ̀wọ́ ìdàgbàsókè wọn ni.

Ó di ọdún tí a fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ìyá yín, Ràfíà tí wọ́n fi ń pè mí, òun náà tó ń gbọ́ wa láti ibi ìdáná yẹn tó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn ẹbí bàbá mi ti ránṣẹ́ láti Ọ̀yọ́ pé àwọn ń bọ̀, àwọn àna sì pọ̀ bí eéṣú. Ilé wa kò ní nǹkan. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, omi odò ti pọ́n. Mo dúró létí odò pẹ̀lú báàfù mi, mo rí ọkọ̀ Malam Habu tó ń bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ọkọ mi ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ̀rín ló ń rín, ẹ̀rín tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti dá a dúró. "Ìyá Ràfíà! Ìyá Ràfíà! Ọlọ́run ti ṣe é!"

Giwan ruwa ni. Wọ́n so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ nínú omi, ó ṣì ń mí. N kò rí irú rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ tí Sarkin Ruwa ti kú. Ojú rẹ̀ ń dán bí owó idẹ. Àwọ̀n búlúù Malam ti há mọ́ ọn létí, apá ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya díẹ̀ níbi tó ti jà.

Malam Habu kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Lasisi, wo ikùn rẹ̀."

"Mo ti rí i. Ẹyin ni. Ìyẹn náà ọbẹ̀ ni."

"Jẹ́ ká fi í sílẹ̀."

Ọkọ mi wò ó bí ẹni tí wọ́n sọ èdè tí kò gbọ́ sí. "Malam, ìgbéyàwó ọmọ mi ni ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ mọ̀."

"Mo mọ̀. Èmi náà ní ilé tí mo ń bọ́. Ṣùgbọ́n èyí la gbogbo àwọ̀n inú odò yìí já, ó sì dàgbà. Irú rẹ̀ ló kù tó lè bí irú rẹ̀."

"Bí a bá fi sílẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ìsàlẹ̀ odò á mú un. Igi kan kì í dá igbó ṣe, Malam."

"Bóyá wọ́n á mú un. Bóyá yóò yé kí wọ́n tó mú un."

Ọkọ mi yíjú sí mi. "Ìyá Ràfíà, ọmọ tìrẹ náà ni. Sọ̀rọ̀."

Mo wọ inú omi, mo fi ọwọ́ kan ikùn ẹja náà. Ó le, ó kún, bí ikùn aboyún tó ti wọ oṣù rẹ̀. Mo ro ti àwọn àna, mo ro ti ìkòkò tó ṣófo. Mo ro ti ẹ̀pìyà tó dà bí ìka. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó lọ." Mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n má gbọ́. Ṣùgbọ́n Malam gbọ́. Ó fi ọ̀bẹ gé àwọ̀n rẹ̀, àwọ̀n tó fọwọ́ hun, ó ku díẹ̀ lára òwú náà tó há mọ́ ẹja létí tí kò lè yọ. Ẹja kò sá lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Malam dì í mú kó kọjú sí ìṣàn omi, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń gbé ọmọ sùn, títí ó fi mi ìrù, tó sì rì sínú omi pípọ́n.

Nínú bọ́ọ̀sì, ọkọ mi kọ ẹ̀yìn sí mi títí a fi délé. N kò dá a lẹ́bi.

Lẹ́yìn ìrun àsárì lọ́jọ́ náà, mo gbọ́ bárò tó ń ké lẹ́nu ọ̀nà wa. Ìyá Sìkírù ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tí a jọ ń tajà ní Kawo. Inú rẹ̀ ń dùn. "Ìyá Ràfíà, ẹ wá bá mi gbà á. Ọwọ́ yín nìkan ló mọ irú èyí í yan." Ó ṣí àpò tó fi bò ó. Mo rí òwú búlúù kí n tó rí ẹja.

Mo ní, "Níbo lẹ ti rà á?"

"Lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìsàlẹ̀ odò. Wọ́n ní kò tilẹ̀ jà. Wọ́n ní ó dà bí ẹni pé ó ti rẹ̀ ẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn."

Ọkọ mi ti jáde síta. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan òwú náà, ó sì jókòó sórí odó tí mo dojú rẹ̀ dé. Wọ́n kì í jókòó sórí odó nílé wa. Mo mọ̀ pé kò mọ ibi tó jókòó sí. Kò sọ pé "mo wí bẹ́ẹ̀." Ì bá sọ ọ́, ì bá fúyẹ́ fún mi.

Kí ni mo fẹ́ sọ fún Ìyá Sìkírù? Ó rajà, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Mo pọ́n ọ̀bẹ, mo la ẹja. Àṣà wa ni pé ẹni tó bá yan ẹja ló ni nǹkan inú rẹ̀. Ẹyin náà kún igbá ńlá kan, ó ń ṣàn létí, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí inú ẹyin adìyẹ. Ìyá yín yọjú, ìyàwó ọ̀la, ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká dín in. Ó pọ̀ o!" Mo ní rárá. Ó wo ojú mi, ó padà sínú ilé. Ọkọ mi dìde, ó fi ìborùn mi bo igbá náà, ó ní, "Jẹ́ ká gbé e lọ fún Malam."

Ìgbéyàwó yẹn kọjá o. Ẹja wẹ́wẹ́ la fi se ọbẹ̀ rẹ̀, àwọn àna jẹ ẹ́ teegun teegun, kò sẹ́ni tó há lọ́fun, wọ́n sì mú ìyá yín lọ. Bàbá yín àgbà rí iṣẹ́ ọdẹ ṣọ́ ilé ìwé kan lẹ́yìn ọdún yẹn, ibẹ̀ ló wà títí ó fi kú. Malam Habu padà sí Kebbi, a gbọ́ pé òun náà ti kú. Èmi ń yan ẹja títí ó fi di pé ẹja inú yìnyín ni mò ń yan, èyí tí ọkọ̀ ń gbé wá láti etí òkun. Àwọn tí mo lè pè wá jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ yìí kò sí mọ́.

Lọ́jọ́ ẹyin yẹn, oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí a gbé igbá náà dé etí odò. Malam Habu jókòó sórí àpáta, ó ń tún ibi tó gé lára àwọ̀n rẹ̀ hun. Ọkọ mi gbé igbá náà síwájú rẹ̀, ó sì ká ìborùn kúrò. Malam wò ó pẹ́. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó gbé igbá, ó rìn wọ inú omi títí ó fi dé orúnkún rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bu ẹyin náà sínú odò, ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ̀kúnwọ́ kejì, jẹ́ẹ́jẹ́.

Ọkọ mi ní, "Malam, wọ́n ti kú. Wọn kò lè di ẹja mọ́."

"Na sani," Malam ní. "Mo mọ̀, Lasisi. Níbo ni kí n wá dà wọ́n sí?"

Àwọn ẹja wẹ́wẹ́ ti gbọ́ òórùn. Wọ́n rọ́ yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká, omi ń hó ṣẹ́rẹ́rẹ́, wọ́n ń jẹ ẹyin náà bó ṣe ń bọ́. Malam dúró láàárín wọn, kò lé wọn, títí wọ́n fi jẹ ẹ́ tán.